Wíwá Ibi tí Ọ́ìlì ti Ń Jò Lára Sìkútà àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí a bá gbé sìkútà kúrò níbi tó sùn mọ́jú, tí a sì bá àbàwọ́n dúdú nílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé kí wọ́n mú sípánà, kí wọ́n sì fún gbogbo bóòtù tó wà nísàlẹ̀ pinpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Ó lè jáde lókè pátápátá, kó máa bá ara irin wálẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa gbé e lọ sẹ́yìn nígbà tí sìkútà bá ń sáré, títí yóò fi kóra jọ síbi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún sìkútà tèmi ṣe fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ wọ́ṣà bóòtù ìsàlẹ̀ tí a fi ń da ọ́ìlì, tí mo sì fi ọ́ìlì tuntun ṣòfò lẹ́ẹ̀mejèèjì, kí n tó mọ̀ pé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí a ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jò, tó wà lábẹ́ ìdérí fáàfù ló ń jò. Róbà náà ti gan, ó ti le bí ike. Bí mo ṣe rọra tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ṣẹ́ sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wíwá orísun ọ́ìlì ni iṣẹ́ gan-an, àti pé ẹni tó bá ti rí orísun náà ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe.

Sìkútà tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí ni irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ fóò-síróòkù onísìlíńdà kan, fáànù ló ń fẹ́ ẹ kí ó má bàa gbóná jù, bẹ́líìtì ló sì ń gbé agbára rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Irú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní GY6, tí Honda kọ́kọ́ ṣe, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà àti Taiwan sì ń ṣe àwòkọ rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ tú-síróòkù, ìyẹn èyí tí ọ́ìlì ń bá epo jó nínú rẹ̀, mo sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí èyí lápá ìsàlẹ̀.

Irú omi wo ló ń jáde?

Ẹ gbé sìkútà sórí sítáńdì àárín níbi tó tẹ́jú, kí ẹ sì tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí táyà méjèèjì àti sítáńdì wà lórí páálí náà, nítorí àmì yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ọ̀gangan ibi tí ohun tó kán sílẹ̀ ti wá nígbà tí ẹ bá fa páálí jáde.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò máa ń dúdú, ó máa ń yọ̀ láàárín ìka méjì, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ohun tó jóná díẹ̀. Ọ́ìlì gíà, èyí tó wà nínú àpótí gíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, máa ń ki jù ú lọ, òórùn rẹ̀ sì jọ ti imí ọjọ́. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́. Pẹtiróòlù máa ń gbẹ kíákíá, òórùn rẹ̀ nìkan ló máa ń kù. Omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, lára sìkútà tó bá ní irú rẹ̀, sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, búlúù tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ́ìlì bíréèkì mọ́ gaara tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, ó sì máa ń bó ọ̀dà ara sìkútà. Bí ẹ kò bá lè fi ojú dá a mọ̀, ẹ kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife omi: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yóò léfòó, ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 yóò sì pò mọ́ omi. Bí ó bá jẹ́ pé ara ṣọ́ọ̀kì iwájú ni omi ọlọ́ràá náà ti ń ṣàn wálẹ̀, síìlì ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn òrùka róbà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá jáde, ló ti bàjẹ́, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì tàbí pẹtiróòlù ló ń jò, ẹ má gun sìkútà náà mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Òfin yìí kan náà ló de ọ́ìlì èyíkéyìí tó bá ti dé ara táyà tàbí ara bíréèkì ẹ̀yìn, bó ti wù kó kéré tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síìlì kankan

Ohun méjì kan wà tó lè mú kí síìlì tí kò lábùkù máa jò, a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú, nítorí a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Èkíní ni ọ́ìlì tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 50cc sí 150cc irú èyí kì í gbà tó lítà kan, nítorí náà ẹni tó bá da odidi agolo lítà kan sínú rẹ̀ ti rọ ọ́ yó kọjá ààlà. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù yóò máa fọ́n káàkiri, yóò gba inú họ́ọ̀sì ìmí lọ sínú àpótí fílítà afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa kán sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í padà, kí ẹ sì wò ó. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o: àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí a kì í yí géèjì wọlé nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì, ńṣe ni a ń gbé e lé ẹnu ihò lásán, àwọn mìíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ yí i wọlé tán. Ìwé ìtọ́ni sìkútà yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì lè sọ ìwọ̀n tó tọ́ di àpọ̀jù.

Èkejì ni họ́ọ̀sì ìmí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà á sí rárá. Bí pístìnì ṣe ń lọ sókè sódò, gáàsì díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, ó sì gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Họ́ọ̀sì kékeré tó ti orí ìdérí fáàfù lọ sí àpótí fílítà ni ọ̀nà rẹ̀. Bí họ́ọ̀sì náà bá dí, tàbí tí ó ká lọ́rùn lábẹ́ àpótí ìjókòó, gáàsì náà yóò máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀ jù lọ jáde. Mo ti fa họ́ọ̀sì kan yọ rí tí nǹkan funfun bí ìpara ti dì í pa bámúbámú. Omi tó sẹ̀ bí ìrì nínú ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì ló pò pọ̀ di ìpara náà, torí pé ẹni tó ni sìkútà náà kì í gùn ún jìnnà tó tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Síìlì kíráńkì rẹ̀, ìyẹn ti ọ̀pá tí pístìnì ń yí, ti di pípààrọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì tún ń jò. Ẹ yọ họ́ọ̀sì náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì dá a padà láìjẹ́ kí ó ká.

Bí họ́ọ̀sì bá mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lára àpótí fílítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Èémí díẹ̀díẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá ń tú jáde láìdáwọ́ dúró, ríǹgì pístìnì ti jẹ, síìlì tuntun kankan kò sì ní pẹ́ lára ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ṣí sìlíńdà.

Fífọ ẹ́ńjìnnì àti fífi àtíkè wá orísun

Ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí kò lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ sì tú àpótí ìjókòó àti àwọn ike tó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi nílọ́ọ̀nù di ẹnu fílítà afẹ́fẹ́ àti àwọn ibi tí wáyà ti so pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì, tàbí ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún fífọ ẹ́ńjìnnì, fọ gbogbo rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, pàápàá àárín àwọn abẹ́ irin ara sìlíńdà àti ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú kì í tó. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí iná kékeré kan láti ara wáyà ti tó láti jó ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí kẹrosíìnì ta sí táyà tàbí bíréèkì. Ẹ fi omi tí kò lágbára ṣàn án, ẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa.

Nígbà tó bá ti gbẹ, ẹ bu àtíkè ìpara díẹ̀ sórí búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ, kí ẹ sì rọra fọ́n ọn sí gbogbo ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, sí yíká bóòtù, àti sí yíká gbogbo ìdérí. Ẹ́ńjìnnì náà yóò funfun. Ẹ tàn án níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú yàrá, torí èéfín sàléńsà lè pani. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré kan, kí ẹ sì máa wò. Níbi tí ọ́ìlì bá ti ń yọ, àtíkè yóò kọ́kọ́ di àwọ̀ eérú ní ojú kan ṣoṣo, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ojú tó ga jù lọ lára ìlà náà ni orísun. Ẹ má wo ibi tó tutù jù. Ẹ wo ibi tó kọ́kọ́ tutù.

Bí ẹ bá ti yọ ike tó ń darí afẹ́fẹ́ fáànù sára sìlíńdà kí ẹ lè ríran dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí ike yẹn ni kò jẹ́ kó gbóná jù. Bí ohunkóhun kò bá yọ láàárín àkókò náà, ẹ dá ike padà, ẹ gun sìkútà bíi kìlómítà 5, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn síìlì kan wà tí kì í jò àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá tí ọ́ìlì sì ti gbóná tó sì ṣàn bí omi.

Kíka ohun tí ẹ rí

Bí ìlà náà bá bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ìdérí fáàfù, inú yín lè dùn, nítorí èyí ló rọrùn jù lọ láti tún ṣe, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ yọ ìdérí, ẹ fa róbà àtijọ́ jáde, ẹ nu ojú irin méjèèjì títí kò fi ní sí ọ̀rá kankan níbẹ̀, kí ẹ sì to róbà tuntun sínú kòtò rẹ̀ láìfà á. A kì í kun sílíkọ́ọ̀nù sí i. Sílíkọ́ọ̀nù tó bá pọ̀ jù yóò yọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, yóò já, yóò sì lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ẹ́ńjìnnì tó sì ń jò nìkan tẹ́lẹ̀ yóò wá di èyí tí ọ́ìlì kò dé orí rẹ̀ mọ́.

Bí ọ̀rinrin bá wà lẹ́yìn sìlíńdà, lápá ibi tí kábúrétọ̀ wà, ẹ wo ohun tí ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le dáadáa. Bóòtù kékeré wà láàárín rẹ̀ tó ní óríǹgì, ìyẹn róbà tó rí bí òrùka, gásíkẹ́ẹ̀tì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni óríǹgì yìí nìkan máa ń jò. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì T tó wà lára mágínẹ́ẹ̀tì, irin roboto tó wà lẹ́yìn fáànù, yóò fi bá àmì ara irin mu, kí fáàfù méjèèjì sì wà ní pípa, ẹ má sì yí ẹ́ńjìnnì mọ́ títí ẹ ó fi dá a padà, kí ṣéènì má bàa fo eyín. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí sìlíńdà náà lè máa jò nítòsí ibẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti ìdí sìlíńdà máa ń tutù gẹ́gẹ́ bí ìlà tó nà gbọọrọ yí sìlíńdà ká, ó sì gba kí a tú sìlíńdà kúrò pátápátá.

Óríǹgì géèjì àti óríǹgì ìdí sítátà kò ní ìṣòro. A ń pààrọ̀ wọn ni.

Bí ọ́ìlì bá ń ti apá ọ̀tún jáde, lábẹ́ fáànù, ẹ ní láti yọ fáànù àti mágínẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lè mọ̀ bóyá síìlì kíráńkì ọ̀tún ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí náà. Irin pàtàkì kan wà tí a fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì yọ. Ẹ má fi òòlù gbá a, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì lè sán, orí kíráńkì sì lè wọ́.

Bóòtù ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, a máa ń dá a lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ òun náà máa ń jò nígbà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ òun lóòótọ́, kò sí ọ́ìlì kankan tó ga jù ú lọ lára ẹ́ńjìnnì tí ẹ fi àtíkè kùn. Wọ́ṣà rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tún ní ìdérí ńlá kan lábẹ́, tí asẹ́ ọ́ìlì àti sípíríǹgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ fi ọwọ́ gbá a mú kí sípíríǹgì má bàa ta nù, kí ẹ sì pààrọ̀ óríǹgì rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Bí ojú ìsọ bóòtù náà, ìyẹn ìlà yíyípo tí bóòtù ń yí gbà wọlé, bá ti jẹ, kí ó máa yí láìdì, ẹ má fi téèpù tàbí gọ́ọ̀mù tàn án jẹ. Ẹni tó ní irinṣẹ́ fún un lè gbẹ́ ìsọ tuntun síbẹ̀.

Bí ìlà dúdú bá wà lára irin gan-an, tí kì í ṣe ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, irin ti sán. Ẹ gbé e lọ fún wẹ́dà tó mọ bí a ṣe ń jó alumíníọ̀mù pọ̀.

Àpótí bẹ́líìtì ní apá òsì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí pé inú àpótí bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú ni. Kò sí ọ́ìlì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ń kán láti abẹ́ àpótí náà, tàbí tí sìkútà ń pariwo tí kò sì sáré bó ṣe yẹ, tí bẹ́líìtì sì ń yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, síìlì kan ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Síìlì méjì ló ṣeé ṣe kó jẹ́: ti kíráńkì níwájú, lẹ́yìn irin roboto tí bẹ́líìtì ń yí lé, tí wọ́n ń pè ní fàríétọ̀, tàbí ti ọ̀pá gíà lẹ́yìn, lẹ́yìn kúlọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì dúdú tó fọ́n ká yí fàríétọ̀ ká jẹ́ ti kíráńkì. Ọ́ìlì tó ki, tó ń rùn bí imí ọjọ́, tó sì wà yí kúlọ́ọ̀ṣì ká, ti gíà ni.

Láti pààrọ̀ síìlì kíráńkì, ẹ tú gbogbo bóòtù ìdérí àpótí náà. Gígùn wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹ ya àwòrán ìdérí sórí páálí kan, kí ẹ sì gún bóòtù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ lórí àwòrán náà. Ẹ fi irinṣẹ́ tí a fi ń di fàríétọ̀ mú dì í mú kí ẹ lè tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ẹ bá ki síkúrúdíráfà bọ àárín abẹ́ fáànù rẹ̀, abẹ́ náà yóò ṣẹ́. Ẹ fa fàríétọ̀ jáde lódindi, kí ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú mọ́ ọn, nítorí àwọn rólà inú rẹ̀ lè já bọ́ kí wọ́n sì padà sí àyè wọn ní ìdàkejì.

Síìlì ti wà ní gbangba báyìí. Kí ẹ tó fà á, ẹ wo bó ṣe jinlẹ̀ tó nínú ihò rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni tuntun gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Ẹ fi irin ẹnu ṣóńṣó lu ihò kékeré sí ojú rẹ̀, láàárín ọ̀pá àti ètè òde, ẹ yí síkúrúù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò náà láìjẹ́ kí ó wọlé jìn, kí ẹ sì fi ẹ̀mú fa orí síkúrúù jáde. Ohun tí a ń ṣọ́ fún ni ara ọ̀pá kíráńkì: ìlà kan ṣoṣo tí irin bá fà sí i yóò máa jẹ ètè síìlì tuntun, ọ́ìlì yóò sì tún máa gba ibẹ̀. Ẹ fi èékánná yín nu ara ọ̀pá náà. Bí ẹ bá rí kòtò tóóró tí ètè síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ sí i, ẹ lè ti síìlì tuntun wọlé jìn sí i tàbí kó yọ díẹ̀, bíi mílímítà 1, kí ètè rẹ̀ lè bà lé ibi tó dán, bí àyè bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n síìlì wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mẹ́ta. Bí a bá kọ 20x32x6 sí i, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, fífẹ̀ ìta rẹ̀ jẹ́ 32, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 6. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ó lè fara da ooru ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ́ìlì tó mọ́ pa ètè tuntun, ẹ fi nílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí téèpù wé orí ọ̀pá níbi tí ìsọ àti eyín rẹ̀ wà kí wọ́n má bàa ya ètè náà, kí ẹ sì rọra tì í wọlé. Ojú tí sípíríǹgì kékeré wà ni kí ó kọjú sí ibi tí ọ́ìlì wà. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí páìpù ike tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti síìlì, kí ẹ sì fi òòlù kékeré kàn án yíká, kò gbọdọ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bẹ́líìtì tí ọ́ìlì ti rin gbingbin kò ṣeé fọ̀ kí a tún lò ó, nítorí róbà rẹ̀ ti wú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi omi tí a fi ń fọ bíréèkì fọ ojú fàríétọ̀ àti inú àpótí náà títí àbàwọ́n dúdú kò fi ní wà lára àkísà mọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá bẹ́líìtì padà, ẹ fún irin ẹ̀yìn ṣí kí bẹ́líìtì lè rì sínú rẹ̀, kí ó lè tú níwájú. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, bẹ́líìtì yóò há sáàárín ojú fàríétọ̀ méjèèjì, nọ́ọ̀tì yóò dà bí èyí tó ti dì, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń fún mọ́. Bí bẹ́líìtì bá wá rọlẹ̀, nọ́ọ̀tì yóò tú lójú ọ̀nà, eyín ọ̀pá kíráńkì yóò sì jẹ. Ẹ fi ọwọ́ gbọ̀n ojú fàríétọ̀ kí ẹ rí i pé ó ti bọ́ sórí eyín ọ̀pá dáadáa kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì.

Àpótí gíà àti bíréèkì ẹ̀yìn

Ọ́ìlì gíà kò pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 200 mílílítà, nítorí náà bí ó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ kò ní pẹ́ tán. Ẹ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí síìlì ọ̀pá ẹsẹ̀ bá ń jò, ọ́ìlì yóò wà nínú bíréèkì onídùrọ́ọ̀mù, èyí ló sì léwu jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ, nítorí ẹ lè tẹ bíréèkì kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà pààrọ̀ síìlì yìí kò yàtọ̀ sí ti kíráńkì. Bàtà bíréèkì tí ọ́ìlì ti wọ̀ lára kò ṣeé fi sándípépà gbà là. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì fọ dùrọ́ọ̀mù náà títí yóò fi gbẹ. Àpótí gíà náà ní ihò ìmí tirẹ̀. Ẹ ṣí i kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ má sì kọjá ìwọ̀n tí ìwé ìtọ́ni sọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, a gbọ́dọ̀ ṣí àpótí gíà kí a tó dé síìlì tó wà lẹ́yìn kúlọ́ọ̀ṣì.

Fífún bóòtù

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, bóòtù sì jẹ́ irin. Nígbà tí wọ́n bá ń jà, alumíníọ̀mù ló ń pàdánù. Bóòtù kékeré M6, tí sípánà 8 tàbí 10 sábà máa ń mú, kò nílò ju nǹkan bí 10 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù) lọ. Bí ẹ bá lè rí sípánà tó ń wọn agbára lò, ẹ lò ó. Bí kò bá sí, ẹ di sípánà kúkúrú mú nítòsí orí rẹ̀ kí ẹ má bàa lè lo gbogbo agbára apá. Ẹ fún wọn ní ìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìkọjá, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìdérí lè jókòó dọ́gba. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà tó ti lẹ̀ mọ́ irin ni kí ẹ fi ike tó mú há kúrò, ẹ má fi síkúrúdíráfà há a, torí pé ojú ọgbẹ́ tí ẹ bá dá sí irin ni ọ́ìlì yóò gbà jáde lọ́la.

Bí ó bá jẹ́ tú-síróòkù

Ẹ́ńjìnnì tú-síróòkù kò ní ọ́ìlì nínú ikùn bí ti fóò-síróòkù. Ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú tàǹkì tirẹ̀, ó ń gba họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí póòmpù. Àwọn họ́ọ̀sì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí wọ́n máa ń gan kí wọ́n sì là ní ẹnu. Ọ̀rá dúdú níbi tí sàléńsà ti so mọ́ sìlíńdà kì í ṣe ọ́ìlì tó ń jò láti inú síìlì. Ọ́ìlì tí kò jóná tán ni, gásíkẹ́ẹ̀tì sàléńsà ló sì ń jẹ́ kí ó yọ. Ṣùgbọ́n bí síìlì kíráńkì rẹ̀ bá jẹ, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí gba inú ikùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá gba síìlì wọlé yóò sì dín ìwọ̀n epo àti ọ́ìlì kù nínú àdàlú, ẹ́ńjìnnì yóò máa sáré fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a fún un níná, pístìnì yóò gbóná, yóò sì dì mọ́ sìlíńdà.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ da ọ́ìlì sí i dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ tún fọ́n àtíkè sí ibi tí ẹ tún ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú gbogbo ike ìtutù lára rẹ̀. Bí àtíkè bá ṣì funfun, ẹ gùn ún díẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 10, ẹ padà wá, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ má fọwọ́ kan sàléńsà. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ tó kàn mú eruku mọ́ra láìkán sílẹ̀ kò nílò kí ẹ tún tú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó bá ń kán ló nílò rẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ sínú agolo tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí a dà sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà yóò dé inú omi. Páálí funfun náà ni kí ẹ tún tẹ́ sábẹ́ sìkútà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa wo géèjì láàárọ̀, kí ẹ sì máa kọ ibi tí ọ́ìlì dé sí ẹ̀gbẹ́ páálí náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.